Eyín Tí Wọ́n Pè Ní Ààwẹ̀

Ọkọ mi fẹ́ràn eegun. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹnu tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí mo bá se adìyẹ, ẹran ara rẹ̀ kò kan Bàbá Ìbejì. Ọrùn ni yóò wá, àti ẹsẹ̀, àti gbogbo ibi tí èmi ì bá kó dà nù. Yóò fọ́ ọ kẹ́kẹ́kẹ́, yóò fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, yóò wá kó èérún rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin àti ajá àdúgbò yìí máa jà lọ́jọ́ kan o. Ẹ ò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn." Yóò rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ á yọ síta.

Káfíńtà òrùlé ni. Àwọn ilé tuntun tí ẹ ń rí ní Magboro àti Ibafo yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti gun òrùlé rẹ̀. Tí ó bá wà lókè, ọwọ́ kan á di igi mú, ọwọ́ kejì á di òòlù, ìṣó á wà láàárín eyín rẹ̀. Ó lè fi ìṣó mẹ́rin há ẹnu kó tún máa bú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nílé wa ní Mowe, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ́ṣà ni, òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí èèyàn káàbọ̀, tó ń fi ìjókòó hàn wọ́n.

Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀, lápá òsì, ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. A rò pé ó máa lọ fúnra rẹ̀. Mo po omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi yọ ẹnu. Mo ra kànáfùrù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ahọ́n rẹ̀ fi bó. Ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ àdúgbò wa da oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá fún un, funfun, pupa, aláwọ̀ ewé, ó ní kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lò ó. Eyín náà ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan lo oògùn.

Ẹnìkan wá gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ògógóró sẹ́nu, kó mú un dání síbẹ̀, kó tu ú dà nù. Àwa tí a kì í fi ọtí kan ẹnu! Ọkọ mi bojú wẹ̀yìn kó tó wọ ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó fi àpò ìṣó bo ìgò náà bọ̀ wálé. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí òórùn ọtí má baà jáde. Ìyá kan kí i tán, ó yíjú sí mi, ó wò mí bíi pé kí n ṣàlàyé. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ṣì ni.

Nígbà tí kò lè sùn mọ́, tí ó ń fi orí gbá ògiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí n má baà jí, a wá dókítà eyín lọ. Èyí tó wà nítòsí ń gba owó tí agbára wa ò ká. Wọ́n ní ọ̀kan ń wá sí ọsibítù ìjọba kan lápá Ifo. A ti ilẹ̀kùn ilé, a wọ ọkọ̀, a bọ́ sílẹ̀, a tún wọ òmíràn. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ti kún. Àgbàlagbà ọkùnrin fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ kan ti sunkún títí ó ti sùn lọ. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, torí kò sí ẹni tó fẹ́ ya ẹnu.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní dókítà kan ló wà, ìjókòó kan ni wọ́n ń lò, tí iná bá sì lọ, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ó fún wa ní déètì. Mo wo ọjọ́ tó sọ, mo ní, "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé eyín yìí ló máa dúró de ọjọ́ yẹn ni, àbí ọkọ mi?" Ó ní kí n má bínú, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Orí mi gbóná. Mo fárígá. Mo ní mi ò kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pè. Bàbá Ìbejì ń fa aṣọ mi, ojú ń tì í. Nígbà tí ariwo ò ràn án, mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, mo ní, "Ẹ ṣàánú wa." Ni ó bá sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé ẹnìkan ti ní òun ò wá mọ́ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, pé kí n mú un wá láàárọ̀ kùtù. Mo súre fún un títí mo fi dé ẹnu géètì.

Ìdùnnú ni mo gbé bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí ọ̀nà. Àṣé Sunday ṣì wà láàárín.

Ẹni tí kò bá mọ irú ìjọ tiwa, ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Àwa kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ká tó jẹ́rìí sí i. Ẹni tí kò tíì rí ilẹ̀ rà á jáde wá dúpẹ́ fún ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ ò tíì yá á jáde wá sọ pé ara òun ti yá. A máa ń sọ pé a ti gbà á nípa ìgbàgbọ́. Tí o bá sì ti gbà á, o ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ bà á jẹ́ mọ́. O ò gbọdọ̀ ní ó ń dùn ọ́. Mo ti rí i tó ṣẹ fún àwọn èèyàn. Mi ò ní tìtorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sọ pé mi ò rí i.

Ní Sunday yẹn, pásítọ̀ wa ní Ọlọ́run ń wo ẹnìkan sàn níbi orí àti ọrùn. Bàbá Ìbejì wà lẹ́nu ọ̀nà. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìrora yẹn ti dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́, kò purọ́. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí dókítà kan tó là mí lóye pé iṣan inú eyín ló kú, pé tí ó bá kú, ìrora á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àìsàn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ta ló mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ọkọ mi rìn wá síwájú pẹ̀lú aṣọ ọ́ṣà lọ́rùn. Ó gba máìkì. Ó sọ gbogbo rẹ̀, àti omi iyọ̀, àti àìsùn, kò kàn dárúkọ ògógóró ni. Ó wá ní, "Ẹ wò ó!" Ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ gbàá. Ó tún un gbá. "Ẹ wò ó, kò dùn mí mọ́!"

Ìjọ fò sókè. Àwọn onílù ki ìlù mọ́lẹ̀. Èmi náà jó, kí ló dé tí mi ò ní jó? Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ọ̀fun ń dùn wá bá a níbi tó dúró sí, ó ní kó gbé ọwọ́ lé ọmọ òun lórí. Ọkọ mi tí kò gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni rí ju ìbejì tiwa lọ, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ, omi ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, mo ti wẹ̀, mo ti múra. Ó jókòó sórí àga nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ dìde, ilẹ̀ ti ń mọ́."

Ó ní, "Láti lọ ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n kàn wò ó ni. Wíwò ò pààyàn."

"Ìyá Ìbejì, mo ti jẹ́rìí. Tí mo bá lọ jókòó síwájú dókítà báyìí, kí ni mo máa sọ fún un pé ó ń ṣe mí?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo rán an létí pé mo kúnlẹ̀ gba ọjọ́ yìí ni. Ó ní òun mọ̀, Ọlọ́run á san án fún mi. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gba Magboro lọ. Ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ gbàdúrà pé kí ó dára fún olúwarẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń ṣe ìlara rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n, mo sì ń ṣe ìlara rẹ̀.

Ọdún tuntun wọlé, ìjọ kéde ààwẹ̀ bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ìbejì gbà á. Nígbà tí èmi bá sì ń ṣínu, yóò ní kí n máa jẹun lọ, pé òun fẹ́ nà án síwájú díẹ̀. Omi ẹ̀kọ ni yóò mu, yóò kúrò níbẹ̀. Ààwẹ̀ ìjọ parí, tirẹ̀ ò parí. Ó rù. Ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró ní ìdí mọ́, okùn ni ó fi ń dì í gun òrùlé. Àwọn ará ìjọ ń wò ó tìyanu-tìyanu. Pásítọ̀ wa pè é jáde láàárín ìsìn, ó ní, "Ẹ wo ẹni tí ebi Ọlọ́run ń pa!" Wọ́n ní kí ó wá máa darí àdúrà òwúrọ̀. Inú mi ń dùn. Mo ń yan láàárín àwọn ìyá ìjọ, èmi aya ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Alhaja onílé wa ló la ojú mi. Ìyá àgbà ni wọ́n, ọmọ Mowe ni wọ́n, wọ́n wà níbẹ̀ kí ibẹ̀ tó di ìgboro. Wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kànga láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, èmi náà mọ ààwẹ̀ o. Láti kékeré ni mo ti ń gbà á."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, Alhaja."

"Ẹni tó ń gbààwẹ̀, tí ìṣínu bá ti ń súnmọ́, ojú rẹ̀ á ti wà lára àwo. Inú rẹ̀ á máa dùn, á máa bi yín pé kí lẹ sè. Ọkọ tìẹ, tí ó bá ti di agogo mẹ́fà, ẹ̀yìnkùlé níbí ló máa ń sá wá. Mo máa ń rí i. Ó máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ṣé ààwẹ̀ lo pe ìyẹn?"

Mo lọ sọ́jà, mo ra adìyẹ, mo sè é. Ọjọ́ Saturday ni, àwọn ìbejì wà nílé-ìwé gíga tí wọ́n ń lọ, àwa méjì péré ló wà nílé. Mo gbé ọrùn àti ẹsẹ̀ adìyẹ kalẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo ní, "Ẹ jẹ ẹ́. Mo ní kí ẹ jẹ ẹ́ lójú mi."

Ó wo àwo náà. Ó wò mí.

Mo ní, "Ẹ ya ẹnu."

Kò lè ya á tán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo yọjú wo inú rẹ̀. Ẹran ìdí eyín ti wú bò ó, ọyún ń ti ibẹ̀ jáde. Òórùn tó jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́. Ẹnu tí mo ti mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Mo ju fóònù sórí ìbùsùn, mo fi igbe ta. Mo bú u. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́, mo ní ṣé Ọlọ́run tó dá eyín ni kò mọ̀ pé eyín ń dùn ún? Mo ní ẹbí tó bí i ò mọ̀ ọ́n kọ́. Ó jókòó, ó ń gbọ́.

Ó ní, "Mo gbá a níwájú ìjọ, Ìyá Ìbejì. Gbogbo wọn rí mi. Ìyá ọmọ yẹn gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Tí mo bá wá jáde pé ó ń dùn mí, kí ni ìyá yẹn máa ṣe pẹ̀lú ọmọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ebi ńkọ́?"

Ó ní, "Ebi ń pa mí." Ó bú sẹ́kún. Àgbà ọkùnrin, ó sunkún bí ọmọdé pé ebi ń pa òun. Mo dì mọ́ ọn, àwa méjèèjì sunkún, ọbẹ̀ tutù síwájú wa.

Ní Monday, a padà sí Ifo. Yàrá dókítà eyín wà ní títì. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí dá mi mọ̀, ó ní dókítà ti jápa, ó ti wà lókè òkun, wọn ò sì tíì gbé ẹlòmíràn wá. Mo bi í pé kí ni kí a wá ṣe. Ó ní, "Ìyá, n kò mọ̀." Òun náà fẹ́ sunkún. A gba Akute lọ síbi tí wọ́n ní ọ̀kan wà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiwọn ń wá. Mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí mo fi ń ránṣọ jẹun, a lọ sí èyí tó gbówó lórí; dókítà ibẹ̀ fi ọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò ṣeé fà báyìí, pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn, kí a máa sáré lọ sí ọsibítù ńlá ní Èkó, kí a má dúró gba ilé.

Pásítọ̀ wa ló fi ọkọ̀ ara wọn gbé wa. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, torí òótọ́ ni. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wà á, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní ọ̀tá rí i pé ààwẹ̀ yẹn ti gbé e ga jù ni, ìyẹn ló fi gbá a lọ́rùn mú. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì, tó gbé orí lé mi léjìká lẹ́yìn ọkọ̀, di ọwọ́ mi mú pinpin. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, itọ́ ò ṣeé gbé mì. Ó mi orí fún mi pé rárá. Mo pa ẹnu mi dé.

Ní ọsibítù ńlá, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n so omi kọ́ ọ lórí àga, àwa ń retí. Ọrùn rẹ̀ wú títí kò sí ààlà láàárín rẹ̀ àti àgbọ̀n mọ́. Àwọn ìbejì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Táyé di ọwọ́ kan mú, Kẹ́hìndé di ìkejì. Ó ń fa èémí bí ẹni tó ń fi páìpù tó dí fa omi. Mo sáré pe dókítà, ó ń bọ̀, wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì bọ̀ gan-an, mo rí i tí wọ́n ń tì í bọ̀. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, Kẹ́hìndé ń wò mí, ó ní, "Mọ́mì, wọn ò fa èémí mọ́."

Eyín o! Eyín lásán.

Lọ́jọ́ ìsìn ìdágbére, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé wọ́n gbé àga síta. Àwọn ọ́ṣà wọ aṣọ wọn, wọ́n dúró yí pósí rẹ̀ ká. Ẹni kan bọ́ síta, ó sọ bí Bàbá Ìbejì ṣe fi ebi wá ojú Ọlọ́run. Ẹlòmíràn bọ́ síta, ó ní òun náà ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ bíi tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kú, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè bà lé òun. Mo wo ẹni náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ti rù. Pásítọ̀ wa ní kí gbogbo ìjọ wo irú ikú tó dára, ikú ẹni tó ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́.

Mo dìde. Mi ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rìn lọ síwájú nínú aṣọ dúdú mi, mo gba máìkì.

Mo ní, "Eyín ni. Ẹ jọ̀ọ́, eyín ló pa ọkọ mi. Kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń gbà. Kò lè jẹun ni. Ebi ń pa á, ó sì ń dùn ún, ojú yín ló ń tì í láti sọ. Ẹ̀yin tí eyín bá ń dùn níbí, ẹ lọ wá dókítà. Ẹ má jẹ́rìí. Ẹ lọ wá dókítà."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé wọ́n gbọ́ mi. Ìyá kan sọ pé, "Háà, pẹ̀lẹ́ o." Pásítọ̀ wa wá, wọ́n fi ọwọ́ gbá mi mọ́ra pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n rọra gba máìkì lọ́wọ́ mi. Omi wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún màmá wa. Ọ̀fọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún wọn. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí."

Wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n na ọwọ́ sí mi láti gbogbo ìjókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbààwẹ̀ yẹn náà na ọwọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àwọn akọrin dá orin, èyí tí Bàbá Ìbejì máa ń kọ lórí òrùlé tí kò bá sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìjọ gbè é. Mo dúró níwájú pósí ọkọ mi, àwọn ọmọ mi dì mí mú lọ́tùn-ún lósì, èmi náà gbè é.